Ìrora Lè Lọ Kí Eyín Sì Ti Kú

Kí mọ́tọ̀ tó ń lọ sí Iléṣà tó kún tán ní gáréèjì Òṣogbo, ọlọ́jà kan á ti wọ inú rẹ̀. Á kọ́kọ́ gbàdúrà fún èrò, gbogbo wọn á ṣe àmín, lẹ́yìn náà ni yóò fa ìgò kékeré kan yọ nínú báàgì. Oògùn inú ìgò náà ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo làkúrègbé, ó ń lé òtútù jáde lára. Ṣùgbọ́n orí eyín ni ohùn rẹ̀ máa ń ga sí jù. Ẹ fi òwú kan oògùn, ẹ ki òwú bọ ihò eyín, ẹ pa ẹnu dé, ìrora á lọ kí ẹ tó dé Iléṣà. Ẹni tó ti ń fọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti òru àná á na owó sí i, kò tilẹ̀ ní dúró gba ṣéńjì.

Ọlọ́jà yìí kò parọ́ tán. Ìrora máa ń lọ lóòótọ́ nígbà mìíràn. Ohun tí kò sọ, tó sì ṣeé ṣe kí òun gan-an má mọ̀, ni pé ọ̀nà méjì ni ìrora eyín ń gbà lọ. Eyín lè sàn, eyín sì lè kú. Lójú ẹni tí eyín ń dùn, bákan náà ni méjèèjì rí: òru tó tutù, oorun tó dùn, ọpẹ́ fún Ọlọ́run. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni ìyàtọ̀ á tó hàn.

Mo mẹ́nu kan èyí ṣáájú nítorí ìròyìn kan tó ti ń tàn kálẹ̀ láàárín àwọn oníṣègùn eyín káàkiri ayé. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ lésà tí agbára rẹ̀ kéré, tí kì í gé nǹkan, tí kì í jó nǹkan, lè mú kí ọgbẹ́ inú eyín jinná, ó sì lè mú ìrora rẹ̀ rọlẹ̀. Apá kan ìròyìn náà dá mi lójú. Apá kejì ni mo fẹ́ ká fi ojú ọlọ́jà inú mọ́tọ̀ wò.

Eyín kì í ṣe òkúta. Apá funfun tí à ń fọ̀ láràárọ̀ ló le jù nínú ara èèyàn, ó le ju egungun lọ. Kò ní ẹ̀jẹ̀, kò mọ ìrora, bó bá sì fọ́, kò ní hù padà. Egungun eyín ló wà lábẹ́ rẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ rí rúsúrúsú, tó sì kún fún ihò tóóró-tóóró tí ojú lásán ò lè rí. Inú gbùngbùn lọ́hùn-ún ni ẹran eyín wà, ẹran rírọ̀ tó pupa, tó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Ìdí gbòǹgbò ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú rẹ̀, ojú ọ̀nà náà kò sì tó mílímítà kan ní fífẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tò yí ẹran yìí ká létí. Àwọn ló mọ egungun eyín láti ìgbà tí a ti wà ní ọmọdé. Bí ewu bá ń bọ̀ láti òde, àwọn náà ló ń mọ odi tuntun láti inú kí ewu má bàa kan ẹran.

Bí èèyàn bá fẹsẹ̀ gbún òkúta, ẹsẹ̀ á wú, awọ á nà, ẹ̀jẹ̀ tuntun á sì rí ọ̀nà débẹ̀. Ẹran eyín kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Egungun ló yí i ká níhà gbogbo, bó bá wú, kò síbi tó máa wú sí, wíwú náà á sì máa fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ pa. Ìdí nìyẹn tí eyín fi ń lù kìkì bí ọkàn, tí ìrora rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i lóru nígbà tí a bá fẹ̀yìn lélẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lọ sí orí.

Akokoro ni àwọn àgbà fi ń pe ohun tó ń jẹ eyín. Kòkòrò àìfojúrí ni lóòótọ́, àmọ́ kì í fi ẹnu jẹ ẹ́. Ṣúgà inú súìtì, bisikíìtì àti mínírà ni oúnjẹ tiwọn, omi kíkan tí wọ́n ń tú jáde lẹ́yìn oúnjẹ náà ló ń jẹ eyín. Ní ìbẹ̀rẹ̀, omi tútù á ta eyín, yóò sì dá lójú ẹsẹ̀. Ẹran eyín ṣì wà láàyè nígbà yìí, bí wọ́n bá nu ihò náà mọ́ tí wọ́n sì dí i, á sàn. Bó bá pẹ́ sí i, tíì gbígbóná á ta á, ìrora á dúró pẹ́, oorun á dá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdákẹ́jẹ́. Aláìsàn á ní ó ti lọ. Kò lọ. Iṣan tó ń gbé ìrora ti kú pẹ̀lú ẹran tó gbé e ró, òkú ẹran náà sì ti di oúnjẹ fún kòkòrò, wọ́n ń gba ìdí gbòǹgbò bọ́ sínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ibẹ̀ ni ọyún ti ń kó jọ. Bó bá jẹ́ eyín ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ẹnu, wíwú náà lè sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ahọ́n àti ọrùn, kó dí ọ̀nà èémí. Eyín lásán-làsàn ti pa èèyàn báyìí rí, ó sì tún ń pa wọ́n.

Nítorí náà, ẹni tó da omi bátìrì sí ihò eyín, bí àwọn kan ti máa ń ṣe, lè rí ìsinmi gbà. Ó ti pa ohun tó ń ké. Ó sì tún jó ahọ́n àti èrìgì rẹ̀ mọ́ ọn. Ògógóró àti aṣárà kò ṣe tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tún nǹkan kan ṣe. Kànáfùrù nìkan ni mi ò ní bá wọn pẹ̀gàn. Òróró inú rẹ̀ ń pa ìrora lóòótọ́, àwọn dókítà eyín sì ti ń pò ó mọ́ ìyẹ̀fun síńkì fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún láti fi dí eyín fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó ti gbóòórùn yàrá dókítà eyín rí, tó sì ti dé ìsọ̀ àwọn ìyá eléwé-ọmọ, á mọ̀ pé òórùn kan náà ni.

Kí ló ń pinnu bóyá ẹran eyín á yè tàbí á kú? Ní ọdún 1965, àwọn mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà, Kakehashi, Stanley àti Fitzgerald, gbé ìdáhùn kan jáde tí kò sí ẹni tó tíì lè bì í ṣubú. Wọ́n lu eyín eku títí tó fi kan ẹran inú rẹ̀, wọ́n sì fi ihò náà sílẹ̀ gbayawu. Àwọn eku kan jẹ́ eku tí wọ́n tọ́ níbi tí kò sí kòkòrò àìfojúrí kankan rárá; àwọn yòókù jẹ́ eku bí eku. Oúnjẹ àti ìdọ̀tí wọ ihò eyín àwọn méjèèjì. Ẹran eyín àwọn eku bí eku kú, ọyún sì kó jọ. Ti àwọn eku tí kò ní kòkòrò yè, ó sì mọ odi egungun tuntun bo ojú ọgbẹ́ fúnra rẹ̀, láìsí oògùn, láìsí dókítà. Ẹran eyín mọ bí a ti ń sàn. Kòkòrò ni kì í jẹ́ kó rí àyè ṣe é.

Gbogbo ohun tí àwọn oníṣègùn ti ń fi sójú ọgbẹ́ ẹran eyín, ojú ìwádìí eku yìí ni mo fi ń wò wọ́n. Ní 1904 ni Buckley ní Amẹ́ríkà mú formocresol wá, àpòpọ̀ tó ní oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú nínú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń sọ ẹran eyín ọmọdé di ohun tí kò lè jẹrà mọ́. Wọ́n lò ó káàkiri ayé fún ìran mẹ́ta, kí àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé tó kéde ní 2004 pé formaldehyde inú rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Ní 1920, Hermann ní Jámánì mú oògùn kan tí wọ́n fi ẹfun-ìkọ́lé ṣe jáde. Èyí kì í pa ẹran, ńṣe ló ń ta á jí kó mọ odi. Lẹ́yìn náà, ní 1993, Mahmoud Torabinejad àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Loma Linda ní California gbé MTA jáde. Ọmọ ìyá sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń gbé wá láti Ewékorò ni MTA. Wọ́n kàn lọ̀ ọ́ kúnná gan-an, wọ́n yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀, wọ́n sì fi nǹkan kan sí i kó lè hàn nínú ẹ́sírè. Ó ń gan nínú omi àti nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dí ojú ọgbẹ́ pa débi pé kòkòrò kì í rí ọ̀nà gbà. Mo rò pé èyí tó ṣe ju gbogbo àwọn yòókù lọ nìyẹn, ó dí i pa.

Ìmọ́lẹ̀ wá ńkọ́?

Theodore Maiman ló tan lésà àkọ́kọ́ láyé ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1960 ní Malibu, láti inú òkúta rúbì pupa. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣègùn fi gbé e dórí kókó àti jẹjẹrẹ. Ní 1967, Endre Mester, dókítà kan ní Budapest ní orílẹ̀-èdè Hungary, fẹ́ tún ohun tí Paul McGuff ti ṣe ní Boston ṣe, ẹni tó ti ń fi lésà jó kókó lára ẹranko. Lésà tó wà lọ́wọ́ Mester kò lágbára tó ti Boston. Ó fá irun àwọn eku, ó tan ìmọ́lẹ̀ sí àwọn kan lára, ó sì fi àwọn kan sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà kò fa jẹjẹrẹ fún wọn. Irun àwọn tó tan ìmọ́lẹ̀ sí ló yára hù padà ju ti àwọn yòókù lọ. Nígbà tó gbé e dórí ọgbẹ́, ọgbẹ́ náà yára jinná. Agbára ló ń wá, àìlágbára ẹ̀rọ rẹ̀ ló sì wá sọ ọ́ di baba ìṣègùn tuntun.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ìmọ́lẹ̀ pupa, àti èyí tó kọjá pupa tí ojú ò lè rí mọ́, láti nǹkan bí 600 sí 1000 nánómítà, ló ń lè wọ inú ẹran ara. Inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni ilé iná rẹ̀ wà, tí wọ́n ń pè ní mitokọ́ńdíríà, níbi tí a ti ń sọ oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ di agbára. Tiina Karu ní Rọ́ṣíà wà lára àwọn tó fi hàn pé pròtéènì kan níbẹ̀, cytochrome c oxidase, ló ń gba ìmọ́lẹ̀ náà. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń rẹ̀ tàbí tó fara pa, ìmọ́lẹ̀ náà ń jẹ́ kí ilé iná rẹ̀ tún gbiná, kí agbára rẹ̀ pọ̀ sí i, kí wíwú sì dín kù. Kì í gbóná sí ara. Ẹni tí wọ́n ń tàn án sí lè má mọ̀ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdiwọ̀n ni gbogbo ìyọnu wà. Bó bá kéré jù, kò ṣe nǹkan kan. Bó bá pọ̀ jù, ó tún ń fa ọwọ́ ìwòsàn sẹ́yìn. Ẹ̀rọ méjì tó jọra lójú lè fún èèyàn ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra pátápátá, nítorí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ wọn, iye ìṣẹ́jú, àti bí wọ́n ṣe jìnnà sí ara tó. Àwọ̀ ara wa náà tún wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó mú awọ dúdú ń mu ìmọ́lẹ̀. Bí dókítà bá ń tan lésà gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá láti òde fún ìrora lẹ́yìn yíyọ eyín, iye tó ń dé inú lọ́hùn-ún lẹ́nu ọmọ Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe iye tó ń dé lẹ́nu ọmọ Hungary. Ojú ẹran eyín fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń tàn án sí nígbà tí a bá ń wo ọgbẹ́ inú eyín, nítorí náà awọ kò dí i lọ́nà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ iná búlúù kékeré tí dókítà eyín ń tàn sí ẹnu yín nígbà tó bá dí eyín tán. Ìyẹn ń mú ohun tí wọ́n fi dí i gan ni, kò wo ohunkóhun sàn.

Ìwádìí tó gbé ọ̀rọ̀ lésà àti eyín dé ojú ìwé ìròyìn káàkiri ayé jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014 láti Yunifásítì Harvard. Praveen Arany, David Mooney àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lu eyín eku, wọ́n tan lésà aláìlágbára sí ẹran inú rẹ̀, wọ́n sì dí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, egungun eyín tuntun ti hù níbi tí ìmọ́lẹ̀ kàn. Wọ́n tún tọ ọ̀nà tó gbà ṣẹlẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ń jí pròtéènì kan tó ti ń sùn nínú eyín, TGF-β1, òun ló sì ń rán sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ inú eyín níṣẹ́ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí mọ egungun. Àwọn ìwé ìròyìn kan kéde pé ìmọ́lẹ̀ ń hu eyín tuntun. Wọn ò hu eyín kankan. Odi inú eyín ni wọ́n mọ, ìyẹn náà kò kéré.

Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tí mo dárúkọ yìí, Gronthos àti Songtao Shi ló fi hàn ní 2000 pé ó wà nínú ẹran eyín àgbà. Ní ọdún 2003, Shi rí irú rẹ̀ nínú eyín ọmọdé tó wó fúnra rẹ̀, eyín ọmọbìnrin tirẹ̀ ló sì kọ́kọ́ jẹ́ kó ronú kan ọ̀rọ̀ náà. Àwa ju irú eyín bẹ́ẹ̀ sórí òrùlé tòun-tòkúta wẹ́wẹ́ kí alángbá má bàa rí i. N kò ní ká má jù ú mọ́.

Èyí tó kan èèyàn wá dà? Ìwádìí lórí ọmọ ènìyàn pọ̀, pàápàá lórí eyín ọmọdé tí ihò rẹ̀ ti kan ẹran, tí dókítà gé apá òkè ẹran náà kúrò kó lè gba apá ti gbòǹgbò là. Ìgbìmọ̀ Cochrane kó ìwádìí 87 jọ lórí irú ìtọ́jú yìí ní ọdún 2018. MTA ló gba ipò iwájú. Lésà wà lára àwọn tí wọ́n ní a lè gbé yẹ̀ wò níbi tí MTA kò bá ti sí. Ipò kejì kì í ṣe ìtìjú, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ yìí ti fìdí múlẹ̀ jù nínú ẹnu kì í tilẹ̀ ṣe eyín. Egbò ẹnu tó máa ń bo àwọn tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ ni. Àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ ní Bìrìtéènì fọwọ́ sí i fún ìyẹn ní 2018, àjọ àgbáyé àwọn oníṣègùn jẹjẹrẹ sì dábàá rẹ̀ ní 2020.

Ìgbà tí mo wo bí wọ́n ṣe ń ka àṣeyọrí nínú àwọn ìwádìí eyín ni mo rántí ọlọ́jà inú mọ́tọ̀. Ìṣirò méjì ni wọ́n máa ń ṣe. Èkíní, ṣé ó ń dùn ún, ṣé èrìgì rẹ̀ wú? Èkejì, kí ni ẹ́sírè fi hàn ní ìdí gbòǹgbò? Ìṣirò àkọ́kọ́ sábà máa ń dára ju ìkejì lọ. Ọmọ á máa jẹun, á máa rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ẹ́sírè á sì fi hàn pé egungun ti ń jẹrà lábẹ́ eyín náà. Lésà wá tún ní ewu tirẹ̀ lórí èyí, torí pé òun fúnra rẹ̀ ń pa ìrora. Ohun tó ń pa ìrora kò yẹ ní ohun tí a ó fi ìrora wọ̀n. Ẹni tó bá tan ìmọ́lẹ̀ sí eyín, tó ní kí aláìsàn máa lọ nígbà tó bá ti ní kò dùn òun mọ́, iṣẹ́ ọlọ́jà ló ń ṣe, bó tilẹ̀ wọ ẹ̀wù funfun.

Ká sọ ọ́ wálé. Láti Òṣogbo dé Iléṣà kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni láti Iléṣà dé Ilé-Ifẹ̀. Lójú ọ̀nà kúkúrú yìí ni ilé ìwòsàn ńlá wà lọ́tùn-ún lósì: ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tó ń jẹ́ LAUTECH tẹ́lẹ̀, Wesley Guild ní Iléṣà, tí àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, tó ti di apá kan ilé ìwòsàn olùkọ́ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àti Ifẹ̀ gan-an, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà eyín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Eyitope Ogunbodede, dókítà eyín tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí dídènà àrùn ẹnu, ni ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ láti 2017 sí 2022. Ìmọ̀ kò jìnnà sí wa.

Eyín àwọn ọmọ wa pàápàá kò burú bí ti ibòmíràn. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Morẹ́nikẹ́ Fọláyan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láàárín àwọn ọmọ kéékèèké ní Ilé-Ifẹ̀, tó jáde ní 2015, rí i pé àwọn tí eyín wọn ti ń jẹ kò pé méje nínú ọgọ́rùn-ún. Ní gbogbo ayé, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ọmọ mílíọ̀nù 514 tí eyín ọmọdé wọn ń jẹ. Ṣùgbọ́n méje wa yìí, ìgbà wo ni wọ́n ń dé ọ̀dọ̀ dókítà? Ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti wú ni. Ìyá ọmọ ti fi iyọ̀ sí i, ìyá àgbà ti ní eyín ọmọdé ni, á wó fúnra rẹ̀, bàbá ti ra oògùn inú mọ́tọ̀. Tí wọ́n bá jókòó níwájú dókítà níkẹyìn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń jáde: “Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ẹ bá mi yọ ọ́.” Lésà kò wúlò fún eyín tí ẹran inú rẹ̀ ti kú. Kò sí ilé iná tó kù níbẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ fẹ́ tanná ràn.

Eyín tó ṣẹ́ ni tiẹ̀ yàtọ̀, ibẹ̀ ni mo sì ní ìrètí jù. Ọmọ ilé-ìwé ṣubú níbi bọ́ọ̀lù, eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ́, àmì pupa kan hàn láàárín ibi tó ti ṣẹ́. Ẹran eyín ni pupa yẹn. Kò tíì jẹrà. Ẹran alààyè tí òde kàn bá lójijì ni. Miomir Cvek ní Sweden ṣe ìtọ́jú eyín iwájú 60 tó ṣẹ́ báyìí, ó gé ìwọ̀nba díẹ̀ lára ẹran tó hàn, ó fi oògùn Hermann bò ó, ó sì dí i. Nínú ohun tó gbé jáde ní 1978, 96 nínú ọgọ́rùn-ún ló sàn. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn kan lára wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí eyín ti ṣẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà àti Ìbòkun, bí ọmọ bá ṣẹ́ eyín lórí pápá, ẹ má ṣe sọ fún òbí rẹ̀ pé ó ti bọ́ nù. Eyín tó ṣẹ́ yìí ni ìmọ́lẹ̀ lésà bá mu jù, torí pé ẹran náà wà láàyè, kòkòrò kò sì tíì wọ̀ ọ́ jìnnà.

Àwọn kan tún wà tí ẹran eyín wọn ń kú láìsí ihò, láìsí ìṣubú. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde jù láyé. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wọn tó ti tẹ̀ kọrọdọ ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ní egungun, ní ọ̀dọ̀, ní ọpọlọ. Ó sì ń dí ọ̀nà tóóró tó wà nídìí gbòǹgbò eyín náà. Eyín tó funfun, tí akokoro kò kàn rí, á bẹ̀rẹ̀ sí dùn tàbí kó dúdú láàárín àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ dókítà ti yọ irú eyín bẹ́ẹ̀ láìbéèrè ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Ifẹ̀ ní ìtàn kan pẹ̀lú èyí. Ní nǹkan bí ọdún 1970, Abayọ̀mí Ṣófowóra àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń yẹ orin wò bóyá ó ń pa kòkòrò ẹnu. Ó ń pa á. Nígbà tí wọ́n dé orí gbòǹgbò orin àtà, wọ́n rí i pé ó tún ń dènà títẹ̀ kọrọdọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ yìí. Wọ́n wọlé láti ẹnu, wọ́n jáde síbi ẹ̀jẹ̀. Bóyá ìmọ́lẹ̀ tó ń ti sẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn lè gba irú eyín bẹ́ẹ̀ là kó tó kú, Iléṣà àti Ifẹ̀ ni ìbéèrè yẹn tọ́ sí ju Boston lọ.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ohun tí apá ò ká mọ́. Àwọn kan kò ju kálámù ńlá lọ, bátìrì ni wọ́n ń lò, àìsíná ò dí wọn lọ́wọ́. Mi ò ní gbàgbé láti sọ pé ọ̀nà ìtọ́jú láìlu eyín tí Jo Frencken bẹ̀rẹ̀ ní Tanzania láàárín ọdún 1980 sí 1990, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé lárugẹ ní 1994, kò nílò iná rárá: irinṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń họ ibi tó ti rà kúrò, wọ́n á sì dí i. Oògùn fàdákà tó ń dá akokoro dúró náà wọ àkójọ oògùn kò-ṣeé-má-nìí lágbàáyé ní 2021. Kí ìjọba tó ra lésà, àwọn méjèèjì yìí ni kí wọ́n kọ́kọ́ kó dé gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Ohun tó dáàbò bo ẹran eyín kó má tilẹ̀ rí ọgbẹ́ ló yẹ kó ṣáájú.

Bí wọ́n bá wá ra lésà, Ìmẹ̀sí-Ilé ni mo fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Ìlú Ìjẹ̀ṣà yìí ti ṣe ohun kan fún ayé rí. David Morley, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá Wesley Guild ṣiṣẹ́ láti 1956, tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí wọ́n bí nílùú náà láti ọjọ́ ìbí títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún. Nínú iṣẹ́ yẹn ni káàdì ìdàgbàsókè ọmọ ti jáde, èyí tó ń lo ìlà láti fi bí ọmọ ṣe ń tẹ̀wọ̀n hàn, tó sì wá tàn dé ibi gbogbo ní àgbáyé. Ìyá ọmọ ni Morley ní kó máa tọ́jú káàdì náà sílé. Àwọn ènìyàn ṣiyèméjì pé yóò sọnù. Àwọn ìyá Ìmẹ̀sí tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ń padà wá.

Pípadà wá yẹn gan-an ni ìwádìí eyín ń wá, tí kì í sì í rí. Ẹni tí ìrora rẹ̀ bá ti lọ kì í padà. Kí wọ́n fi ìlà kan kún káàdì fún eyín: ọjọ́ tó ṣẹ́ tàbí tó lu, ọjọ́ tí wọ́n bo ẹran rẹ̀, bóyá wọ́n tan lésà sí i tàbí wọn ò tàn án, iye ìṣẹ́jú àti àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà, lẹ́yìn ìyẹn ẹ́sírè ní oṣù kẹfà, ní oṣù kejìlá, ní oṣù kẹrìnlélógún. Àyè wà níbẹ̀ láti kọ ọ́ bóyá ó ṣì ń dùn ún, kí wọ́n kọ ìyẹn ní ìsàlẹ̀ pátápátá.